Òkè Tí Igún Kò Sí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá

Ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá láti ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì fún wa ní igbó ìdáàbòbò ẹranko yìí ti sọ̀rọ̀ lónìí. Ó ní a ò ní dáná sun koríko kankan lọ́dún yìí. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ilẹ̀ dúdú kì í dára nínú fọ́tò.

Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Bàtà rẹ̀ ń dán gbinrin. Ọkùnrin yìí kò tíì wọ inú igbó wa kọjá ibi tí ọ̀dà títì dópin sí, òun ni yóò wá kọ́ mi ní iṣẹ́ mi. Mo ṣàlàyé fún un bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ lóúnjẹ. Mo ní ìdí koríko ṣì tutù lóṣù yìí, tí a bá sun ún lábala-lábala báyìí, iná á rọra rìn, á jẹ díẹ̀, á fi díẹ̀ sílẹ̀, ẹranko á sì rí ibi sá sí. Tí a bá fi í sílẹ̀ di oṣù kejì, gbogbo rẹ̀ á ti gbẹ kanranjangbọn, iná kékeré kan á sì kó o lọ pátá. Ó ń mi orí. Mo rò pé ó ń gbọ́ ni. Àṣé fóònù ló ń wò lábẹ́ tábìlì.

"Dókítà," ó ní, "ẹ bá mi kọ ọ́ sí ojú ìwé kan péré. Ẹ jọ̀ọ́, kí gírámà má pọ̀ níbẹ̀."

Ojú ìwé kan! Ohun tí mo fi gba oyè dókítà, tí mo ti fi gbogbo ìgbà èwe mi kọ́ nínú oòrùn àti ẹ̀gún, ojú ìwé kan ló fẹ́. Nígbà tí ìpàdé tú, ó ní ká tò síwájú ọ́fíìsì ká ya àwòrán. Láti òní lọ, Ọ̀gá Fọ́tò ni mò ń pè é nínú ìwé yìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Mo kọ ojú ìwé kan. Ó fi ife kọfí lé e lórí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Wọ́n ti ri pátákó ńlá mọ́ ẹnu ọ̀nà: A KÒ GBỌDỌ̀ DÁNÁ NÍNÚ IGBÓ YÌÍ. Àwòrán Ọ̀gá Fọ́tò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ta ni pátákó yìí ń bá wí ná? Iná kò mọ̀wé.

Mo délé, mo bá ọkọ mi nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń to pákó jọ, ó ń súfèé. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún un. Àtíbàbà onípákó gíga kan ni, tí àwọn àlejò á máa dúró lórí rẹ̀ wo ẹranko. Àlejò Pàtàkì kan láti ìlú ńlá ni yóò wá ṣí i lóṣù kejì.

"Ta ló gbé e fún yín?" mo bi í.

"Ọ̀gá yín ni. Ọmọlúàbí èèyàn ni o. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bi mí léèrè ọmọ."

Màámi wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi òróró ra orúnkún. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe é. Ìyàwó ń bá ọ̀gá jà, ọkọ ń bá ọ̀gá jẹ. Ebi ò lè pa ilé yìí láéláé."

Mo wọlé lọ wẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Wọ́n ti padà dé! Igún méjì, takọtabo, lórí igi apá tó wà níbi tí odò ti yí. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú koríko bí olè, mo gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú, mo ń wò wọ́n títí ọrùn fi ń ro mí. Abo jókòó sínú ìtẹ́, kò dìde. Ó ti yé. Ẹyin ẹyọ kan ṣoṣo ni igún ń yé lọ́dún. Tí adìyẹ bá gbọ́, á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní gbogbo agbègbè yìí, kò sí òmíràn tí mo mọ̀ mọ́. Àwọn kan ti pa wọ́n tà, àwọn kan ti fi májèlé sínú òkú ẹran fún wọn jẹ. Àwọn èèyàn á máa tutọ́ tí wọ́n bá rí igún, wọ́n á ní ẹyẹ ààtàn. Ẹ̀yin alákọ̀wé gbogbo! Ẹran tó bá kú sínú igbó tí igún ò tètè jẹ ẹ́ tán, àrùn ara rẹ̀ á dé odò, á dé ọ̀dọ̀ màlúù, á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tutọ́. Igún ló ń gbálẹ̀ ayé fún wa, wọn ò sì gba owó oṣù.

Òní dùn. Mo ra ẹja ńlá lọ sílé, mo sì sọ fún ọkọ mi pé igún ti padà dé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Ọ̀gá Fọ́tò ránṣẹ́ pè mí. Ó dúró níwájú máàpù ńlá tó wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀.

"Dókítà, mo gbọ́ pé ẹ rí igún. Níbo ni wọ́n wà gan-an?"

Ẹnu ta ló ti gbọ́? Ẹnu ọkọ mi ni, kò sí ẹlòmíràn. Ọkùnrin yẹn, ẹnu rẹ̀ ò níléékùn.

Mo ro ó. Ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò fi àwòrán ibi tí àwọn ẹtu ń sùn sórí fóònù kí gbogbo ayé lè rí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìdẹkùn àwọn ọdẹ ti wà níbẹ̀. Èyí tó wà níwájú mi yìí ńkọ́? Tí mo bá sọ fún un lónìí, ọ̀la ni yóò gbé àkàbà lọ síbẹ̀, yóò gbé ẹyin dání, yóò sì máa rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Mo mú píìnì pupa kan, mo gún un mọ́ òkè àpáta tó wà ní ìhà kejì igbó pátápátá, níbi tí kò sí igún, tí kò sí ológoṣẹ́ pàápàá.

"Orí òkè," mo ní.

"Orí òkè," ó tún un sọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ ṣeun. A ó máa kíyè sí ibẹ̀."

Mo ń dá rẹ́rìn-ín dé ilé. Mo ròyìn fún ọkọ mi. Mo rò pé yóò bá mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀.

"Irọ́ lo pa fún ọkùnrin yẹn o."

"Mo dáàbò bo ẹyẹ ni."

"Mo gbọ́. Irọ́ ni."

Ẹni tí wọ́n bọ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ti di agbẹjọ́rò. Mo ní kó lọ sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọyẹ́ ti dé gan-an, ètè mi ti là. Mo ń gé koríko láti oríṣiríṣi ibi, mo ń wọ̀n ọ́n, mo ń gbẹ ẹ́, mo tún ń wọ̀n ọ́n, kí n lè mọ iye omi tó ṣì wà lára rẹ̀. Àdògán tó yẹ ká máa fi gbẹ ẹ́ ní ọ́fíìsì ti bàjẹ́ láti ìjelòó. Owó tó yẹ kí wọ́n fi tún un ṣe ni wọ́n fi ra aṣọ ìbora fún àga Ọ̀gá Fọ́tò. Mo bá gbé koríko mi wá sílé, mo kó o sínú àdògán tí a fi ń yan búrẹ́dì.

Màámi wọ ilé ìdáná, ó ṣí i, ó pariwo. "Ẹ gbà mí o! Ọmọ tí mo ta aṣọ mi rán lọ sí yunifásítì, koríko ló padà wá ń sè!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ohun tí òṣùwọ̀n sọ ò pani lẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Omi tó kù lára koríko yẹn ò tó nǹkan. A ṣì lè sun díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ yìí, ó tán. Mo fi í ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Fọ́tò. Ó fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní

Ọ̀gá Fọ́tò ti gbin koríko òtẹ́ẹ̀lì yí ọ́fíìsì ká. Ẹ̀ẹ̀rùn mú, odò ti rù, ẹfọ̀n ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí omi mu, táńkà omi wa sì ń bomi rin koríko láàárọ̀ lálẹ́. Ó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi ìka tọ́ awakọ̀ sọ́nà. Mo gbà pé ẹni tí Ọlọ́run bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀, táńkà omi ló máa ń kọ́kọ́ fún un.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún

Ẹyin náà ti pa! Mo rí orí kékeré kan tó pá, tó ń gbọ̀n, lábẹ́ àyà ìyá rẹ̀. Ó burẹ́wà débi tí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá rẹ̀ dé, ó bi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ọmọ náà gbé e mì, ó tún lanu.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Nínú gbogbo igbó yìí, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ó wà lórí igi yẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀n ọjọ́

Àtíbàbà ọkọ mi ti ga ju orí igi lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kí n má parọ́. Bó ṣe fi pákó bọ inú pákó, tí kò lo ìṣó púpọ̀, èèyàn á fẹ́ fọwọ́ pa á. Mo ní fún un pé ohun tó dára bẹ́ẹ̀, òmùgọ̀ ló kọ́ ọ fún. Ó bínú. Ó ní, "Gbogbo èèyàn ni òmùgọ̀ lójú ẹ. Ọjọ́ wo ló máa kàn mí?" Mo ní ó ti kàn án tipẹ́, ìfẹ́ ni mo fi bò ó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì

Ìyanu ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń gé koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nítorí Àlejò Pàtàkì. Kí ọ̀nà lè mọ́ fún mọ́tò rẹ̀ ni wọ́n fi ń gé e, àmọ́ ibi tí wọ́n bá gé, iná á ṣòro láti fo ibẹ̀. Wọ́n ń ṣe nǹkan rere láìmọ̀. Fóòmánù àwọn agékoríko ń kọrin, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń gbè é, koríko gbígbẹ ń kún inú ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Mo kí wọn kú iṣẹ́. Fóòmánù na ọwọ́ sókè. "Ẹ káàsán o, Ìyá Eléérú!" Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. Àṣé orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn nìyẹn. Mo ní kó má bẹ̀rù, orúkọ náà bá mi mu.

Mi ò bi í pé níbo ni wọ́n ń da koríko sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ wo ọmọ igún. Mo yọ sí ibi tí odò ti yí, mo dúró.

Wọ́n ti kó gbogbo koríko gbígbẹ náà sí ìdí igi apá. Kì í ṣe díẹ̀ o. Ó ga bí ilé. Ó yí igi ká, ó gùn ún dé ibi tí ẹ̀ka àkọ́kọ́ ti yà. Iná koríko lásán ì bá kọjá lábẹ́ igi yẹn láìfọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n òkìtì yìí, tí iná bá fi lè dé ibẹ̀, ààrò ni wọ́n dá sábẹ́ ìtẹ́ ọmọ mi.

Mo sáré wá Fóòmánù kàn. Mo fẹ́ẹ̀ di í lọ́rùn. Mo ní, "Ta ló ní kí ẹ kó o síbẹ̀?"

"Ọ̀gá ni, mà. Àwa ti fẹ́ kó o lọ sí ẹ̀bá òkè àpáta, ibẹ̀ ló sún mọ́ wa. Ọ̀gá ní rárá, ó ní igún Dókítà wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan kan síbẹ̀. Ó ní ká kó o jìnnà sí òkè bó bá ti lè jìnnà tó." Ó ń wò mí. "Ṣé a ṣe nǹkan ni?"

Mo ní rárá, ẹ kú iṣẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Mo lọ sí ọ́fíìsì láti sọ fún un. Ó ń ya fọ́tò lórí koríko rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníròyìn. Ó nawọ́ sí mi. "Ẹ wá, ẹ wá! Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wa nìyí!" Mo dúró tì í. Mo rẹ́rìn-ín. Mo padà sílé.

Kí ni mo fẹ́ wí? Pé mo gún píìnì síbi tí kò sí nǹkan nítorí mo rò pé orí rẹ̀ ṣófo? Pé ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó sì tẹ̀ lé e dójú àmì? Èmi á kúkú jẹ koríko náà tán.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo bẹ ọkọ mi. Nígbà tí a ṣíwọ́ iṣẹ́, a mú ọkọ̀ rẹ̀ lọ, a fi fọ́ọ̀kì kó koríko títí ọwọ́ wa fi bó. Òkìtì náà ń wò wá. Bí ẹni ń fi ṣíbí gbọ́n odò ni.

Ó jókòó sórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́. "Àwọn ọmọ iṣẹ́ Fóòmánù á kó èyí tán ní ọjọ́ kan péré. Sọ fún ọkùnrin yẹn."

"Màá sọ fún un ní ọjọ́ Ajé."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ dán ayẹyẹ wò. Èrò á pọ̀ níbẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ lójú gbogbo wọn."

Ó wò mí, ó mi orí. Ó mú fọ́ọ̀kì rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n tó sùn, tí mo bá máa sùn.

Mò ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé ni fóònù dún. Ọkọ mi ni, ó wà nídìí àtíbàbà rẹ̀. "Tètè máa bọ̀, iná ti sọ!" Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ wá láti fi dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sínú koríko gbígbẹ, ẹnu páìpù rẹ̀ gbóná, koríko gbiná. Lábẹ́ pátákó kejì tí wọ́n kọ A KÒ GBỌDỌ̀ DÁNÁ sí ni o. Èèyàn ò lè fẹnu parọ́ irú rẹ̀.

Mo gun alùpùpù mi. Nígbà tí mo fi débẹ̀, atẹ́gùn ti gbé e, ó ti fi àtíbàbà sílẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà odò. Ó ń ké ramúramù. Fóòmánù àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi ewé tútù lù ú, ojú wọn ti di èédú. Mo pariwo pé táńkà dà. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ẹnìkan ní Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde. Mo ṣépè fún un. Mo ní ó ti lọ bomi rin koríko òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nígbà tí igbó ń jó. Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí Màámi ò kọ́ mi.

Mo ní ká sáré lọ síwájú iná, ká dá tiwa sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà odò, kí iná pàdé iná, kí méjèèjì kú. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Wọ́n tẹ̀ lé mi bí ọmọ ogun, àwọn kan náà tí mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú wọn. A dá a. Ó ń lọ dáadáa. Iná tiwa ń jẹ padà lọ bá iná wọn, ọkọ mi ń pa èyí tó bá fẹ́ yà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti ń mí.

Ni ìjì kékeré kan bá dìde, ó gbé ìdì koríko tó ń jó sókè, ó ń yí lójú ọ̀run, ó kọjá lórí wa. Mo ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ó rọra bà sórí òkìtì náà bí ẹyẹ tó dé ilé rẹ̀.

Kò pẹ́. Kò pẹ́ rárá. Igi apá gbiná láti ìdí dé òkè. Igún méjèèjì jáde nínú èéfín, wọ́n ń yí, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ooru ń lé wọn padà, wọ́n tún ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ń sáré lọ síbẹ̀, ọkọ mi gbá mi mú ní ìbàdí, mo bù ú jẹ lápá.

Fóòmánù dúró tì wá, ó ń wòkè. "Dókítà, kí ló wà lórí igi yẹn?"

"Igún ni."

"Igún kẹ̀?" ó ní. "Ṣebí orí òkè ni wọ́n wà?"

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mi ò dìde lórí ibùsùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọ̀gá Fọ́tò wá sí ilé wa. Bàtà rẹ̀ ti jó níwájú, irun ojú rẹ̀ apá kan ò sí mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màámi, Màámi gbé àga fún un.

"Dókítà, wọ́n ní ara yín ò yá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí iná yẹn ṣe sọ, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni igún yín. Mo ní kí wọ́n fi koríko mi sílẹ̀, mo wọ táńkà pẹ̀lú awakọ̀, ó di orí òkè. A rọ omi yí òkè náà ká títí táńkà fi gbẹ. Ẹ̀ta iná kan bà mí lójú níbẹ̀." Ó fọwọ́ kan ibi tí irun ojú rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ọmọ iléèwé. "Iná ò débẹ̀. Mi ò rí igún fúnra mi, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti sá fún ariwo wa. Àmọ́ ìtẹ́ wọn á ṣì wà."

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

"Mo tún ti ka ojú ìwé yẹn," ó ní. "Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ẹ bá ṣe ní ká sun ún la máa sun ún."

"Ẹ ṣé, sà," mo ní.

Nígbà tó lọ tán, mo ń retí kí Màámi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn gbé àga náà padà sí àyè rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Àlejò Pàtàkì dé. Ó pẹ́, ó sanra, ó ń gbóòórùn lọ́fínńdà. Ilẹ̀ dúdú lọ títí ojú ò tó o mọ́. Wọ́n ti ri pátákó tuntun mọ́ ara àtíbàbà, ọfà tọ́ka sí òkè, wọ́n kọ ÒKÈ IGÚN sí i. Wọ́n gbé awò fún Àlejò Pàtàkì. Ó wò, ó wò, ó sì kígbe.

"Mo rí wọn! Wọ́n mà rẹwà o!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e náà gba awò, gbogbo wọn ló sì rí igún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní òun rí ọmọ wọn. Láyé mi, mi ò tíì rí agbo ọ̀dẹ̀ tó wọṣọ tó báyìí.

Lẹ́yìn wọn, ní ìhà odò, igún méjì ń yí lókè igi tó ti di èédú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń yí níbẹ̀. Nínú gbogbo èrò tó wà lórí àtíbàbà, Fóòmánù nìkan ló kọjú síbẹ̀. Ó wò wọ́n, ó wá wò mí. Òjò tó ti ń pa igún bọ̀, ọjọ́ ti pẹ́. Èmi ni mo rọ èyí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo sọ fún un.

Mo dúró níwájú tábìlì rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Òkè, píìnì, igi apá, ọmọ igún. Mo rò pé yóò pariwo. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó pariwo, kí n lè rí nǹkan bá a jà sí. Fóònù rẹ̀ dún, kò wò ó.

"Ṣé ẹ rò pé màá pa wọ́n ni?" ó bi mí.

Mo ń wo píìnì tó wà lára máàpù.

"Tí ẹ bá ní kí n má ya fọ́tò, n ò ní yà á. Ẹ ò sọ ọ́ fún mi."

Ó dìde, ó yọ píìnì pupa lára òkè, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ẹ gún un síbi tó yẹ." Mo gún un mọ́ ibi tí odò ti yí.

"Ṣé ibẹ̀ gan-an ni?"

"Ibẹ̀ gan-an ni, sà."

Ó wo ojú mi pẹ́ kó tó wo máàpù. Ó wá fa ojú ìwé kan jáde lábẹ́ àwọn fáìlì rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ìdí ife kọfí ti sàmì róbótó sí i láàárín.

"Èyí ńkọ́?" ó ní. "Ẹ ní ká sun koríko lóṣù kejìlá. Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pátá ni òótọ́."

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi sínú dúrọ́ọ̀. Kò fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ó ní kí n bá òun wá ẹlòmíràn tó gbọ́ iṣẹ́ yìí, kó wá wò ó, kó sọ fún òun bóyá bẹ́ẹ̀ ni.